Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ẹyẹ Lọ́wọ́ Dígí Fèrèsé Yín

Ẹyẹ kò mọ dígí. Ohun tó hàn lójú dígí ló mọ̀: ojú sánmà, ewé máńgòrò, àyè tó ṣí sílẹ̀. Tó bá rí igi nínú fèrèsé yín, igi gidi ni lójú tirẹ̀, yóò sì fi gbogbo agbára ìyẹ́ fò lọ bá a. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní pálọ̀ á kàn gbọ́ "gbì!" lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá jáde, ẹ lè bá àdàbà tó dákú sórí kọnkéré. Ẹ sì lè má bá nǹkan kan, torí pé ológbò ti ṣáájú yín débẹ̀.

Fèrèsé pákó ayé àtijọ́ kò pa ẹyẹ kankan. Fèrèsé alumíníọ̀mù fífẹ̀ tí dígí rẹ̀ ń dán, irú èyí tí ẹni tó wà níta kì í fi rí inú ilé lọ́sàn-án, ló gbé wàhálà yìí wá sí àdúgbò wa, pàápàá sí àwọn ilé tuntun tó ń jáde létí igbó lẹ́yìn Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ má sì rò pé ilé gogoro nìkan ló ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé ẹyẹ tó tó mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988 ni ilé ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún, ilé gbígbé tí kò ju alájà mẹ́ta lọ ló sì ń pa nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìpín àwọn ilé gogoro kò tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé kan lè máà pa ju ẹyẹ mélòó kan lọ́dún, ṣùgbọ́n ilé pọ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọ̀sán kan ní ilé tiyín fi tó iṣẹ́.

Ọ̀nà tí dígí ń gbà tan ẹyẹ

Ọ̀nà méjì ni. Èkíní, dígí tó ṣókùnkùn tàbí tó ń dán ń dá àwòrán àyíká padà. Bí igi, ọgbà tàbí sánmà bá dojú kọ ọ́, ẹyẹ yóò rí ọgbà kejì nínú rẹ̀. Èkejì, dígí tó mọ́ gaara kò fara hàn rárá. Èyí burú jù níbi tí fèrèsé méjì ti kọjú síra tí ẹyẹ ń rí ìta kejì láàárín wọn, ní igun ilé tí dígí méjì ti pàdé, níbi ìgbátí bákónì tí wọ́n fi dígí ṣe dípò irin, àti ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dígí tí ìkòkò òdòdó wà nínú ilé nítòsí rẹ̀.

Àwa èèyàn pàápàá kì í rí dígí. Férémù àti ọwọ́ ilẹ̀kùn la fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí báǹkì fi ń fa ìlà funfun sára ilẹ̀kùn wọn kí oníbàárà má baà forí sọ ọ́. Férémù kò sọ ohunkóhun fún ẹyẹ.

Láàárọ̀, nígbà tí ẹyẹ ń wá oúnjẹ kiri, ni wọ́n ń kọlu dígí jù. Àsìkò náà ní tirẹ̀: láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti ilẹ̀ Yúróòpù ti ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sì ń padà ní oṣù Kẹta sí Kẹrin. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rìn, iná sì ń fà wọ́n. Lára ẹyẹ tiwa, àdàbà àti òrófó ń fò kíákíá ní tààrà, wọn kì í sì lè yà bọ̀rọ̀. Ẹyẹ apẹja kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, tí ẹnu rẹ̀ pupa, tó jẹ́ pé kòkòrò ló ń jẹ ju ẹja lọ, wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ káàkiri Áfíríkà pé ó máa ń kú lójú fèrèsé.

Ẹ kọ́kọ́ wá fèrèsé tó ń ṣe é

Kì í ṣe gbogbo fèrèsé ilé ló ń pa ẹyẹ. Ọ̀kan tàbí méjì ni sábà máa ń jẹ̀bi. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, owó àti wákàtí yín kò ní ṣòfò.

Ẹ jáde láàárín agogo 7 sí 9 àárọ̀, kí ẹ tún jáde ní nǹkan bí agogo 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, torí pé ibi tí oòrùn wà ń yí ohun tó hàn nínú dígí padà. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 10 sí ilé. Ẹ wo fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni mo rí níbẹ̀? Bí ẹ bá rí ewé tàbí sánmà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìta láti ojú rẹ̀ já sí ẹ̀yìn ilé, ẹ sàmì sí òun náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ dígí kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìyẹ́ àdàbà ní lẹ́búlẹ́bú; tó bá kọlu dígí, ó máa ń tẹ àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, apá méjèèjì nínà, bí ẹni fi ìyẹ̀fun yà á. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé fún ìyẹ́ wẹ́wẹ́ àti fún èèrà tó tò lọ síbì kan. Pé ẹ kò rí òkú ẹyẹ kò túmọ̀ sí pé kò sí: ológbò, ajá àti eku ń palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìró "gbì" tí àwọn ará ilé ń gbọ́ ni kí ẹ gbàgbọ́.

Òfin méjì tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lò, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, okùn tàbí sítíkà, ìta dígí ni kó wà, kí àlàfo àárín àmì kan sí èkejì má sì ju sẹ̀ntímítà 5 lọ. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí, tí wọ́n á wá sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìta, nítorí pé ojú ìta dígí ni àwòrán igi àti sánmà ti ń hàn. Ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn láti inú ilé yóò wà lẹ́yìn àwòrán yẹn, ẹyẹ kò sì ní rí i. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ lẹ bébà funfun kan mọ́ inú dígí tó ń dán lọ́sàn-án, kí ẹ jáde lọ wò ó.

Sẹ̀ntímítà 5, nítorí pé inú igbó ni ẹyẹ ń gbé. Ojoojúmọ́ ló ń gba àárín ẹ̀ka àti ewé kọjá, ó sì mọ ìwọ̀n àyè tí ara rẹ̀ lè gbà. Bí ẹ bá lẹ sítíkà ẹyọ kan ṣoṣo sáàárín fèrèsé, yóò yà fún sítíkà náà, yóò sì kọlu dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí àmì bá sún mọ́ra débi pé kò sí àyè tó lè gbà ni yóò tó yí padà. Daniel Klem, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Muhlenberg College ní Pennsylvania, ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970, ọ̀dọ̀ òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e la sì ti rí ìwọ̀n wọ̀nyí. Àwọn kan ń fi àyè sẹ̀ntímítà 10 sílẹ̀ bí ìlà bá dúró lóòró, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹyẹ tó tó àdàbà. Ṣùgbọ́n níbi tí olongo, ológoṣẹ́ àti àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń fa omi òdòdó bá pọ̀, bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá wa, ẹ má jẹ́ kó kọjá 5.

Àmì náà gbọ́dọ̀ bo gbogbo dígí, látòkè délẹ̀, dé etí férémù. Kó sì nípọn: bí ẹ bá ń fa ìlà sára dígí, ìlà òòró kó fẹ̀ tó mìlímítà 6, ìlà ìbú kó tó mìlímítà 3. Ẹ dúró ní mítà 3 sí i. Bí ẹ̀yin kò bá rí i kedere láti ibẹ̀, ẹyẹ kò ní rí i lásìkò tó lè yà.

Èyí tí ẹ lè ṣe lónìí: ọṣẹ, ẹfun, ọ̀dà

Bí ẹyẹ bá ti ń kú lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí owó máa wà. Ẹ mú ọṣẹ ìfọṣọ funfun tó gbẹ, kí ẹ fi etí rẹ̀ fa ìlà òòró sára dígí láti ìta, ní sẹ̀ntímítà márùn-ún márùn-ún. Ẹfun tí ẹ pò mọ́ omi díẹ̀ náà ń ṣe é, búrọ́ṣì kékeré ni kí ẹ fi fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò fọ̀ ọ́ lọ, àyàfi bí òrùlé bá yọ síta dáadáa lórí fèrèsé náà.

Èyí tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀dà funfun olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri. Díẹ̀ nínú agolo mílíìkì tó fèrèsé kan. Ẹ fọ dígí, kí ó gbẹ, kí ẹ fi rúlà gígùn àti búrọ́ṣì tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 fa ìlà. Ọ̀dà yìí kò wọnú dígí. Tó bá sú yín, omi gbígbóná àti abẹ á hú u kúrò.

Ẹ ṣọ́ra níbi abẹ yẹn. Dígí tó ń dán ní ìpele kan tí wọ́n fi bò ó, bí ìpele náà bá sì wà lójú ìta, abẹ á ha á, kò sì ní ṣe é tún ṣe. Báyìí ni kí ẹ ṣe mọ̀: ẹ fi ṣóńṣó bírò kan dígí láti ìta. Bí ṣóńṣó bírò àti àwòrán rẹ̀ bá fẹnu kanra, ìta ni ìpele náà wà, ẹ má lo abẹ níbẹ̀ láéláé. Ọṣẹ àti kànìnkànìn rírọ̀ ni tirẹ̀. Bí àlàfo tín-ín-rín bá wà láàárín wọn, inú ló wà.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà níta

Bí a bá ní ká mú ọ̀kan ṣoṣo fún ilé wa níhìn-ín, nẹ́ẹ̀tì la máa mú. Ó ń dá ẹ̀fọn dúró, ó ń pa dídán dígí, bí ẹyẹ bá sì kọlu ú, ó dà bí ẹni pé ó bà lé ibùsùn. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí a máa mẹ́nu bà tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀.

Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tó ti bá fèrèsé alumíníọ̀mù wá kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì fèrèsé ló ń bò nígbàkigbà. Ìdajì kejì jẹ́ dígí lásán. Ohun tí ẹ nílò ni férémù tó dá dúró, tó bo gbogbo ojú fèrèsé láti ìta.

Fún fèrèsé tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 120 níbùú àti 120 lóòró, ẹ ra nẹ́ẹ̀tì tó tó 130 sí 130 kí ẹ lè rí ibi ṣẹ́ po. Nẹ́ẹ̀tì dúdú tàbí aláwọ̀ eérú dára ju funfun lọ fún ẹ̀yin tó fẹ́ máa rí ìta. Pákó ínǹṣì 1 sí 1 tó fún férémù, tàbí kí oníṣẹ́ alumíníọ̀mù ṣe é fún yín. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí igun, kí ẹ máa fà á títí yóò fi le bí awọ ìlù. Ẹ wá so ó mọ́ iwájú fèrèsé kí ó jìnnà sí dígí ní sẹ̀ntímítà 5 ó kéré tán, 8 dára jù. Bí ẹ bá ní irin olè níta, ara irin yẹn gan-an ni kí ẹ fi wáyà so férémù mọ́.

Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Nẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀ á jẹ́ kí ẹyẹ tẹ̀ ẹ́ dé ara dígí. Ẹ̀wẹ̀, ẹlòmíràn á lọ ra àwọ̀n apẹja olójú ńlá nítorí pé ó pọ́ọ́kú: ẹyẹ á ki orí bọ̀ ọ́, á há síbẹ̀, á sì kú ikú tó burú ju ti dígí lọ. Aláǹgbá àti ejò náà ń há sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ má lo ohun tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 1.6 lọ.

Okùn títa

Èyí yẹ àwọn tí kò fẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ dígí, àti fèrèsé ńlá ti pálọ̀. Okùn tí ó nípọn tó mìlímítà 3 ni kí ẹ rà, okùn ọ̀rá, nítorí okùn òwú á jẹrà lábẹ́ òjò.

Ẹ jẹ́ ká tún mú fèrèsé 120 sí 120 yẹn. Bí ẹ bá lo àyè sẹ̀ntímítà 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5 sí etí: okùn 12 ni yóò jẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ntímítà 130 pẹ̀lú kókó, àpapọ̀ rẹ̀ kò tó mítà 16. Fún àyè sẹ̀ntímítà 5, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2.5 sí etí. Okùn 24 ni, ó sì ju mítà 31 lọ díẹ̀. Ẹ ra 32.

Ẹ lu ihò mìlímítà 4 sára pákó tó gùn tó fèrèsé, ní ìwọ̀n àyè tí ẹ yàn. Ẹ ki okùn kọ̀ọ̀kan bọ ihò láti ìsàlẹ̀, kí ẹ ta kókó sórí. Ẹ fi iná yọ́ orí okùn díẹ̀ kó má baà tú. Ẹ gbé pákó náà kọ́ sókè fèrèsé lórí ìkọ́ méjì, kí okùn máa rọ̀ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ dígí. Ní ibi tí atẹ́gùn kò ti pọ̀, ẹ lè fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìjì òjò ti ń jà, wọn á lọ́ mọ́ra, wọn á sì di ìdì kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nítorí náà ẹ fi pákó kejì so ìsàlẹ̀ wọn pọ̀, kí ẹ má sì fà á le jù.

Ẹ̀yin tí ilé yín ní irin olè níta ti bá apá kan iṣẹ́ yìí pàdé. Àlàfo irin sí irin máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10 sí 15, èyí tó pọ̀ jù fún ẹyẹ kékeré. Ẹ so okùn kan tàbí méjì lóòró sáàárín irin méjì, láti irin ìbú òkè dé ti ìsàlẹ̀. Kò ná yín ju owó okùn lọ. Irin tó wà nínú ilé, lẹ́yìn dígí, kò ṣe ẹyẹ láǹfààní kankan.

Sítíkà róbótó

Èyí ló rẹwà jù, òun ló sì gba sùúrù jù. Ní Chicago, gbọ̀ngàn ìpàdé McCormick Place pa ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, 5 oṣù Kẹwàá 2023. Ní 2024 wọ́n lẹ àmì róbótó kéékèèké mọ́ dígí rẹ̀ látòkè délẹ̀, ikú ẹyẹ níbẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi. Àmì kan náà lè wà ní ilé yín.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń gé sítíkà fún mọ́tò àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n fi ike sítíkà funfun tí wọ́n ń lò níta gé róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 10, tí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ntímítà 5 lóòró àti níbùú, kí wọ́n sì fi téèpù ìgbésókè bo ojú rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wá ní ìwé kan. Fèrèsé 120 sí 120 gba róbótó 576. Bí wọ́n bá kó wọn fún yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní ṣe é tán.

Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́, nígbà tí dígí kò gbóná. Ẹ fọ dígí pẹ̀lú omi ọṣẹ, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Eruku ọyẹ́ tí ojú kò rí ló ń jẹ́ kí sítíkà já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fa ìlà kan tó tọ́ sókè pẹ̀lú téèpù bébà, kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi káàdì oníke tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ tó ká téèpù ìgbésókè kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó ṣẹ́ po sẹ́yìn lórí ara rẹ̀ bí ẹ ti ń fà á. Ẹ má fi omi kàn án fún wákàtí 24.

Ẹni tí kò lè ṣe èyí lè fi téèpù funfun tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 fa ìlà òòró. Ẹ yẹra fún sẹ́lótéèpù: ẹyẹ kò rí i, oòrùn á sì yan án gbẹ débi pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ á kù sára dígí.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ná owó lé

Àwòrán àṣá ẹyọ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé kò lé ẹyẹ. Kò mira, kò sì bo dígí. Ère òwìwí náà kò pẹ́ tí ẹyẹ fi máa bà lé e lórí. Sídì tí wọ́n fi okùn kọ́ méjì tàbí mẹ́ta fi àyè sílẹ̀ pọ̀ jù. Kọ́tìnì inú ilé ń ṣèrànwọ́ díẹ̀ fún dígí tó mọ́ gaara, kò ṣe nǹkan kan fún èyí tó ń dán. Tíńtì tó ń dán tilẹ̀ ń mú un burú sí i. Bí wọ́n bá sì lẹ tíńtì dúdú mọ́ gbogbo ojú dígí tí oòrùn ń pa, ooru rẹ̀ lè sán dígí náà. Sítíkà tí wọ́n ní ẹyẹ nìkan ló ń rí, tí ojú èèyàn kò rí, ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹyẹ kan, kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹ má fi ṣe ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé igi torí ọ̀rọ̀ yìí. Dígí ni kí ẹ tún ṣe.

Ohun tí ẹ lè sún kúrò ni oúnjẹ àti omi. Bí ẹ bá ń sá àgbàdo tàbí ìrẹsì, ẹ̀gà àti àdàbà á dé, ohun kékeré bí ajá tó gbó á sì mú kí gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà láìwo ibi tí wọ́n ń lọ. Mítà 5 sí 10 sí fèrèsé ló léwu jù, torí pé eré wọn ti le kí wọ́n tó dé ara dígí. Ẹ sá a jìnnà ju mítà 10 lọ sí fèrèsé, tàbí kí ẹ mú un sún mọ́ ọn tó mítà 1, níbi tí ẹyẹ kò ní tíì lè sáré nígbà tó bá gbéra. Bákan náà ni abọ́ omi. Ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́yìn dígí nínú ilé, ẹ gbé e wọlé sí i.

Lálẹ́, ẹ pa iná tí ẹ ò lò, kí ẹ fa kọ́tìnì, pàápàá láti oṣù Kẹsàn-án lọ. Kí iná ọgbà dojú kọ ilẹ̀.

Ẹyẹ tó ń ṣá dígí lẹ́nu léraléra

Èyí yàtọ̀. Ẹyẹ tó ń padà wá sójú fèrèsé kan náà tàbí jígí mọ́tò kan náà láti máa ṣá a lẹ́nu kò ṣèèṣì. Akọ ni sábà máa ń jẹ́, àwọn tó ń fa omi òdòdó sì wà lára wọn: ó rí ara rẹ̀, ó rò pé akọ mìíràn ló fẹ́ gba àyè òun. Kì í sábà kú, ṣùgbọ́n ó ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò lásìkò ìtẹ́. Ẹ fi bébà tàbí aṣọ bo ibi tó ń ṣá náà láti ìta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi ọ̀rá bo jígí mọ́tò tí ẹ bá páàkì.

Bí ẹyẹ bá ti kọlu ú ná

Ẹ wá páálí bàtà, ẹ lu ihò díẹ̀ sí i, ẹ tẹ́ aṣọ tí kò ní fọ́nrán sínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbé ẹyẹ náà, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ bò ó. Òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí èèrà, ológbò àti ọmọdé kò lè dé, tí oòrùn kò sì pa. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ: ẹyẹ tó dákú lè fà á sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì máa ṣí i wò.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ gbé páálí náà jáde, síbi tó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ ṣí i. Ẹ má ṣí i nínú ilé. Bí kò bá fò, ẹ bò ó padà fún wákàtí kan sí i. Èyí tí apá rẹ̀ wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kò lè fò lẹ́yìn wákàtí méjì, dókítà ẹranko ló kàn. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn nítòsí. Kí ẹyẹ kan fò lọ kò túmọ̀ sí pé ó ti bọ́. Ọ̀pọ̀ ń kú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú agbárí wọn, ìdí nìyẹn tí dígí fi ṣe pàtàkì ju páálí lọ.

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ti wọ Nàìjíríà láti 2006, nítorí náà ẹ má gbé ẹyẹ igbó sún mọ́ àgò adìyẹ yín. Èyí tó bá kú, ẹ fi ọ̀rá bọwọ́ kí ẹ sin ín. Ẹ má sọ ọ́ di ẹran ọbẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé àìsàn ló mú kó forí sọ dígí. Bí òrùka irin bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ara òrùka náà tàbí sí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos. Ẹnì kan ní Yúróòpù lè ti máa wá ìròyìn ẹyẹ yẹn.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Òfin méjèèjì kò yí padà. Ìṣòro yín ni pé onílé ló ni ìta fèrèsé. Okùn títa ló rọrùn jù láti tọrọ àyè fún, torí kò fi ojú kankan sílẹ̀ bí ẹ bá kó lọ. Fún ẹ̀yin tó ń fún ẹyẹ lóúnjẹ ní ọgbà ẹ̀yìn ilé ní Britain, àwo oúnjẹ náà kó wà láàárín mítà 1 sí dígí, tàbí kó kọjá mítà 10. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹyẹ aṣíkiri ti 1918 kò gbà kí ẹ sọ ẹyẹ igbó tó farapa di ẹyẹ ilé. Ẹ lè fi páálí gbé e lọ fún àwọn tó níwèé àṣẹ láti tọ́jú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú New York tilẹ̀ fọwọ́ sí òfin kan ní òpin 2019, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ lo dígí tí ẹyẹ lè rí.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà kò nílò òfin kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún oníṣẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ sọ ohun mẹ́ta fún un: dígí tí kò dán, tàbí èyí tí wọ́n ti hà ní ìlà láti ojú ìta; nẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo fèrèsé láti ìta; irin dípò dígí fún ìgbátí bákónì. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé owó iṣẹ́, torí lẹ́yìn tó bá ti gé dígí, kò ní gbà á padà mọ́.